Ìwé Tó Ń Ran Akẹ́kọ̀ọ́ Kàrátè Lọ́wọ́

Ìjà ló sọ orúkọ Ore di mímọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin, wọ́n sì tẹ̀ síwájú dé Ore, níbi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń fi ìjà Ore ṣàpèjúwe ohunkóhun tó bá le kọjá àfẹnusọ. Ìjà mìíràn ni orí ìwé yìí dá lé lórí. Kàrátè ni, ìjà tó ní òfin, tó ní ìtẹríba, tó sì ní ìwé.

Ore ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Títì Èkó sí Benin gba ibẹ̀ kọjá. Ìlú awakọ̀, mẹkáníìkì, oníṣòwò àti àgbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń kọ́ kàrátè nírú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè wà lọ́dọ̀ sensei rẹ̀, ìyẹn olùkọ́ kàrátè rẹ̀, lójoojúmọ́. Ọjà lè gbé e lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ oko sì lè dá a dúró nígbà ìkórè. Lọ́jọ́ tí sensei kò bá sí nítòsí, ta ni yóò rán an létí ẹsẹ̀ tó yẹ kó ṣíwájú?

Ibẹ̀ ni ìwé ti ń wúlò. Ìwé kò lè gba ipò olùkọ́, ṣùgbọ́n ó lè bá akẹ́kọ̀ọ́ tọ́jú ohun tí olùkọ́ ti kọ́ ọ.

Tíṣà tó kọ kàrátè sínú ìwé

Láyé àtijọ́, ní erékùṣù Okinawa ní gúúsù Japan, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ kàrátè. Gichin Funakoshi, tí wọ́n bí ní Shuri ní ọdún 1868, sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé òru lòun máa ń rìn lọ sílé olùkọ́ òun. Ọdún mẹ́wàá ló fi kọ́ kata mẹ́ta péré, àwọn tí wọ́n ń pè ní Tekki lónìí. Kata ni àwọn ìgbésẹ̀ ìjà tí a tò tẹ̀ léra wọn, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dá ṣe láìsí alátakò. Ohun tí olùkọ́ bá fi han Funakoshi lóru, orí nìkan ló fi ń gbé e délé.

Nígbà tó yá, Funakoshi fúnra rẹ̀ di tíṣà ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1922, ó lọ fi kàrátè han àwọn ará Tokyo, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún náà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì lágbègbè Tokyo, iná ńlá sì sọ. Àwọn àwo tí wọ́n fi tẹ ìwé náà ṣòfò. Funakoshi kò jẹ́ kó sú òun. Ó tún ìwé náà ṣe jáde ní 1925, ó sì gbé èyí tó kún jù ú lọ, Karate-dō Kyōhan, jáde ní 1935. Ní 1973, Tsutomu Ohshima, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mìíràn, Masatoshi Nakayama, tẹ Dynamic Karate jáde ní 1966. Láti 1977, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé Best Karate, tó di ìdìpọ̀ 11, tí fọ́tò kún inú wọn. Ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ lóru ní Okinawa ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò lójú mọmọ.

Bí a ṣe ń lo ìwé kata

A kì í ka ìwé kàrátè bí ìwé ìtàn, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Ohun tí a ń wá la ń ṣí. Ká sọ pé mẹkáníìkì kan kọ́ Heian Shodan lọ́jọ́ Sátidé. Kata yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Shotokan, ọ̀kan lára oríṣi kàrátè tó wà, fi ń bẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ 21 ló sì ní. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin yìí ti gbàgbé ohun tó tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kẹsàn-án. Kó lọ sí ojú ìwé tí wọ́n to àkóónú ìwé sí, kó wá orúkọ kata náà, kó sì ṣí ojú ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Yóò rí i pé ibi ìgbésẹ̀ kẹsàn-án ni a ti ń kígbe kiai. Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò dúró, ara yóò yí gba ẹ̀yìn, ọwọ́ òsì yóò sì gbá ìkọlù dànù nísàlẹ̀.

Kó ka gbólóhùn kan sókè ketekete, kó gbé ìwé sílẹ̀, kó ṣe é díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó tún gbé ìwé náà, kó wò ó bóyá òun ṣe é bó ṣe wà níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó dán mọ́rán lálẹ́ kan sàn ju 21 tó rí wúruwùru lọ.

Ìwé tún máa ń sọ ohun tí ojú kì í tètè rí. Nínú ìdúró zenkutsu-dachi, níbi tí orúnkún iwájú ti tẹ̀, ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ara ló ń wà lórí ẹsẹ̀ iwájú. Nínú ìdúró kokutsu-dachi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń gbé ìdá 70. Ẹni tí ìbàdí bá ń dùn lẹ́yìn ìdánrawò lè fi èyí yẹ ìdúró ara rẹ̀ wò, kó sì bi sensei léèrè ohun tó rí.

Fọ́tò máa ń tan èèyàn jẹ. Bí ẹni inú fọ́tò bá kọjú sí òǹkàwé, ọwọ́ òsì rẹ̀ yóò wà níhà ọ̀tún òǹkàwé. Fọ́tò kì í sì í fi bí ọwọ́ ṣe yá tó hàn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò ṣe pàtàkì bíi fọ́tò náà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yé dáadáa nílò ìwé atúmọ̀ èdè. Èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́kọ́ tẹ̀ l'Ékòó ní 1913 ní apá Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá àti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ẹ̀yà ara ni kó kọ́kọ́ wá níbẹ̀: gìgísẹ̀, orúnkún, ìbàdí, ọrùn ọwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti yé e, ìdajì iṣẹ́ ti ṣe.

Ìwé òfin àti ìwé ìlera

Kàrátè wà nínú Ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Tokyo ní 2021. Nínú òfin tí wọ́n lò níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ tó bá wọlé dáadáa ń gba àmì 1, ìpá sí àyà tàbí ikùn ń gba 2, ìpá sí orí ń gba 3. Ẹni tó bá fẹ́ ṣojú Ìpínlẹ̀ Oǹdó níbi ìdíje gbọ́dọ̀ mọ irú nǹkan báyìí kó tó wọ pápá. Àmọ́ wọ́n máa ń tún òfin ṣe. Ọdún tó wà lára ìwé òfin ni kó kọ́kọ́ wò.

Ìwé kejì ni ti ìlera. Where There Is No Doctor, tí David Werner kọ fún àwọn ará abúlé orí òkè ní Mexico, jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1977. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn àti àwòrán ló fi ṣàlàyé ohun tí èèyàn lè ṣe bí ẹsẹ̀ bá rọ́ tàbí tí egungun bá kán. Bí ẹnì kan bá gbá ni lórí, tí òòyì bá ń kọ́ni tàbí tí èébì bá ń gbéni, kí ìdánrawò dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ka ìwé nígbà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kàrátè ní Ore, ní Odigbo àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká, ẹ béèrè irú kàrátè tí sensei yín ń kọ́ yín kí ẹ tó ra ìwé. Ìwé Shotokan lè da akẹ́kọ̀ọ́ Goju-ryu tàbí Kyokushin rú. Bí ohun tó wà nínú ìwé bá yàtọ̀ sí ohun tí sensei sọ, ẹ gbé ìwé náà lọ bá a tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó ṣàlàyé. Kí ẹ sì ra ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ìlà mẹ́ta sí lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan: ohun tí ẹ kọ́, ohun tó ṣòro, àti ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi sensei nígbà tí ẹ bá tún pàdé.