Ṣé Ó Yẹ Ká Ra Kámẹ́rà Tó Ń Yí Ọrùn?

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà la gbé wá lọ́sẹ̀ yìí.

Màmá wa àgbà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè kì í jókòó sójú kan. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá pè wọ́n láti Lọ́ńdọ̀nù lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ti dé ìdí ààrò, ògiri ni ẹ̀gbọ́n mi á máa wò. Ojú sì lọ̀rọ̀ wà. Ló bá fi kámẹ́rà kan ránṣẹ́, tí ẹ̀rọ kékeré ń yí ọrùn rẹ̀. Bàbá mi ní àwọn náà á fi owó bátìrì ìnfátà ra irú rẹ̀ sílé wa. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká kọ́kọ́ dán ti Màmá wò.

Ibi tó ti wá

Lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Cambridge gbé kámẹ́rà dojú kọ ìkòkò kọfí wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kọfí ṣì kù kí wọ́n tó dìde. Ìyẹn ò lè yíjú. Nígbà tó di 2003 ni Logitech gbé QuickCam Orbit jáde, tó ń yí sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Kámẹ́rà ò mọ Màmá o. Ètò inú kọ̀ǹpútà ló ń wá ojú èèyàn nínú àwòrán. Bí ojú náà bá ń kúrò láàárín, ètò á ní kí ẹ̀rọ yí tẹ̀lé e.

Ohun tí a rí

1. Màmá rọra rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀lé wọn. Wọ́n yára, ó sọ wọ́n nù.

2. Màmá kẹ̀yìn sí i, ló bá yíjú sí olóṣèlú tó ń rẹ́rìn-ín lórí kàlẹ́ńdà! Ojú ṣáà lojú.

3. Lálẹ́, tí iná wà lẹ́yìn Màmá, ojú wọn dúdú, kò rí wọn rárá. A gbé iná síwájú wọn, ó rí wọn.

4. A so ó mọ́ ihò kan náà pẹ̀lú fláàṣì nípasẹ̀ àpótí oníhò mẹ́rin, ó ń kú, ó ń jí. Ìdí ni pé ihò USB 2.0 kan ò ju fóòtì 5 àti mílíáńpù 500 lọ, ìyẹn wáàtì 2.5. A so ó mọ́ ara kọ̀ǹpútà gan-an, ó dúró.

5. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú ìpè fídíò, ohun tó yí padà nínú àwòrán ni kọ̀ǹpútà máa ń fi ránṣẹ́ jù. Bí Màmá bá jókòó, ẹnu àti ọwọ́ wọn ló ń yí padà. Bí kámẹ́rà bá yí ọrùn, ògiri, àga, fèrèsé, gbogbo rẹ̀ ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nẹ́tíwọọ̀kì tí kò lágbára láàárín òkè ò lè gbé e, àwòrán á fọ́ wẹ́wẹ́.

Ìdájọ́ wa

Ẹni tó ń kọ́ni níwájú pátákó, tàbí ẹni bíi Màmá tí ò lè jókòó, kámẹ́rà yìí wúlò fún un. Ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó má wulẹ̀ náwó. Ẹ̀rọ ọrùn ò lè tan iná, kò sì lè fa nẹ́tíwọọ̀kì wá. Ẹni tó bá sì rà á, kó máa fi aṣọ bo ojú rẹ̀ bó bá ti parí ìpè.

Bàbá mi ra bátìrì. Lálẹ́ Sátidé, a rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó rí tiwa.

Ìbéèrè: Bí ìpè kan bá ń fi mẹ́gábíìtì 1 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, mẹ́gábáìtì mélòó ló máa lọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú? Ẹ rántí pé bíìtì 8 ló wà nínú báìtì 1. Ẹ fi ìdáhùn yín lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́.