Orúkọ Ìkànnì ní Èdè Yorùbá: Àmì Ohùn, Àkọtọ́ Méjì àti Ìwé-Ẹ̀rí HTTPS

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa ló ti ní àkójọ ọ̀rọ̀, àlọ́ tàbí oríkì tí a gbà lẹ́nu àwọn àgbà ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́, tí a sì fẹ́ gbé sórí ayélujára kí ó má baà ṣègbé sínú àpótí. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìkànnì sílé máa ń fún ènìyàn ní orúkọ gígùn kan, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sì gba ìdajì rẹ̀. Bí a bá wá fẹ́ orúkọ tiwa gan-an, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà, ti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni: báwo ni a ó ṣe kọ orúkọ náà? Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ìyẹn "ọ̀rọ̀" fúnra rẹ̀, a ó sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí ìkànnì kan wà ni wọ́n ń pè ní DNS. Létà a títí dé z, òǹkà 0 títí dé 9 àti àmì ìdè nìkan ni a ń lò nínú orúkọ rẹ̀, ẹ̀ka orúkọ kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ 63 lọ. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ létà. Nítorí náà, "oro" ni "ọ̀rọ̀" ń jẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "oro" yìí kan náà ni ọrọ̀ tí olówó ní, òun ni oró tó wà lẹ́nu ejò, òun náà sì ni orò tí àwọn baba wa ń ṣe. Ẹni tó ń wá ìwé atúmọ̀ èdè lè rò pé igbó àwọn olórò lòun já sí, bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, á yára fi ẹ̀yìn rìn!

Ní ọdún 2003 ni wọ́n gbé ọ̀nà àbáyọ kan jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010. Wọn kò yí DNS padà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń fi létà lásán pa àrokò fún létà tó ní àmì. Punycode ni orúkọ àrokò náà, xn-- ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀. Bí a bá kọ "ọrọ" láìfi àmì ohùn sí i, xn--r-jxmb ni DNS rí. Bí a bá fi àmì ohùn sí i dáadáa, "ọ̀rọ̀", ó di xn--r-ubbb975zca. Létà r nìkan ló ṣẹ́kù tí ojú dá mọ̀.

Kí ló fa ìyàtọ̀ ńlá yìí? Nínú Unicode, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. Ọ àti àmì ohùn ìsàlẹ̀, U+0300, ni a so pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwa kà sí létà mẹ́ta, márùn-ún ni lójú kọ̀ǹpútà. Pátákó ìtẹ̀wé mìíràn sì wà tó ń kọ ò ṣáájú, kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí òfin orúkọ ìkànnì fi ní kí a kọ́kọ́ sọ ohun gbogbo di ẹ̀yà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní NFC, níbi tí àmì abẹ́ ti ń ṣáájú àmì ohùn. Aṣàwákiri bíi Firefox tàbí Chrome ń ṣe èyí fún wa, ṣùgbọ́n àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fọwọ́ ara wa tò, àwa la ó ṣe é fún un.

Ibi tó ká wa lára jù nìyí. A fi àkọtọ́ tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà kọ ojú-ewé yìí, ṣùgbọ́n ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1975 ń lo ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, àti sh dípò ṣ. Ẹnu kan náà ló ń pe ọrọ àti ɔrɔ, àmọ́ xn--r-00ab ni DNS ń pe èkejì. Orúkọ méjì ni, ẹni méjì tí kò mọra sì lè ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ra ọ̀kan, ẹnikẹ́ni lè ra ìkejì kí ó sì máa fi gba àwọn tó ń wá wa bọ̀.

Ìwé-ẹ̀rí HTTPS kò lè gbà wá lọ́wọ́ èyí. Ó ń jẹ́rìí pé ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ló ni orúkọ náà, àti pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tí a ń bá a sọ lójú ọ̀nà. Kò jẹ́rìí pé olóòótọ́ ni. Ní oṣù kẹrin 2017, olùwádìí kan fi létà Cyrillic, irú èyí tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń lò, ra orúkọ kan tó jọ apple.com bí ìbejì, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí fún un láti fi kìlọ̀ fún aráyé. Lẹ́yìn èyí ni Chrome tún òfin rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá rí i pé aṣàwákiri fi àrokò xn-- hàn yín dípò orúkọ gidi, ìfura ló ń fura.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè àwọn létà tí wọ́n gbà láyè, nítorí àwọn tó ń bójú tó .bj, .tg tàbí .com ló ń pinnu tiwọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àkọsílẹ̀ A tàbí CNAME tí ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì yín sílé bá fún yín sínú DNS. Orúkọ ìpìlẹ̀ kì í gba CNAME, www ń gbà á. Ní ti ìwé-ẹ̀rí, Let's Encrypt ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti ń gba orúkọ alámì láti oṣù kẹwàá 2016. Wọn yóò ní kí ẹ gbé fáìlì kan sórí ìkànnì náà, tàbí kí ẹ kọ àkọsílẹ̀ TXT kan sínú DNS, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ̀dà xn-- ni a ń kọ sínú ìwé-ẹ̀rí. Ìwé-ẹ̀rí tó wà fún orúkọ ìpìlẹ̀ nìkan kò bo www mọ́lẹ̀.

Ní tiwa, a rò pé kí orúkọ gangan jẹ́ èyí tí kò ní àmì, nítorí kì í ṣe gbogbo tẹlifóònù ló lè kọ ọ tàbí ɔ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi àmì sí i, kí ẹ fún ẹni mẹ́ta kà. Bí kíkà wọn bá yàtọ̀, ẹ wá òmíràn. "Akojooro" dára ju "oro" lọ. Bí owó bá wà, ẹ ra ẹ̀dà alámì ti àkọtọ́ méjèèjì, kí ẹ sì darí wọn sí orúkọ gangan náà. Ẹ̀dà wọ̀nyí pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí, torí pé aṣàwákiri ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò kí ó tó gbà kí a darí òun síbòmíràn. Ẹ má fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ra wọn o. Ẹni tó bá gboyè lọ yóò kó kọ́kọ́rọ́ lọ, ọjọ́ ìsanwó yóò sì dé láìsí ẹni tó mọ̀.