Ìwé Àwòrán Kan, Ẹ̀kọ́ Púpọ̀

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti mọ̀wé kà, ọmọ yín kékeré mú ìwé kan wálé. Àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dùn lẹ́nu bí orin. Ẹ má sọ pé: «Eré lásán ni!» Ẹ jókòó ti ọmọ náà.

Ẹ wo àwòrán adìyẹ tó sàba. Lábẹ́ rẹ̀, a kọ ọ́ pé:

Yèyé adìyẹ jókòó jẹ́ẹ́,
Òjò ń rọ̀, kò dìde,
Oòrùn ń ràn, kò dìde,
Ẹyin ń gbóná lábẹ́ ìyẹ́.

1. Èdè
Ẹ ka ewì náà sókè, kí ọmọ máa gbè é. Ẹ fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi í pé: «Kí lo rí?» Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ kọ «ẹyin» àti «ẹ̀yìn» sílẹ̀ fún un. Ṣé ẹ rí i? Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

2. Ìṣirò
Adìyẹ sàba lé ẹyin 12. Ó pa 9. Mélòó ló kù? Kí ọmọ fi òkúta wẹ́wẹ́ kà á. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ fi ń pa, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láràárọ̀, kí ọmọ fi èédú fa ìlà kan sára ògiri títí yóò fi pé.

3. Ohun ẹlẹ́mìí
Kí ló dé tí adìyẹ kò dìde nínú òjò? Ooru ara rẹ̀ ló ń mú ọmọ inú ẹyin dàgbà. Bí ẹyin bá tutù pẹ́ jù, ọmọ inú rẹ̀ á kú. Bí kò bá sí àkùkọ ńkọ́? Ẹyin kò ní pa.

4. Ìlera
Ẹni tó bá fọwọ́ kan adìyẹ tàbí ẹyin, kó fi omi àti ọṣẹ fọwọ́ kó tó jẹun.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Bí ìṣirò bá ti yé ọmọ lédè ìyá rẹ̀ nílé, orúkọ rẹ̀ lédè kejì ló kù tí yóò kọ́. Bí kò bá yé e níbì kankan, ẹrù méjì ló máa rù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ̀kan kalẹ̀.

Bí ẹ bá ń kàwé díẹ̀díẹ̀, ẹ má tijú. Ọmọ á rí i pé àgbà náà ń kọ́ ẹ̀kọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ìbéèrè
- Ẹ̀kọ́ mélòó la rí nínú ewì adìyẹ?
- Kí ló ń mú ọmọ inú ẹyin dàgbà?

Iṣẹ́ ṣíṣe
Kò sí ìwé àwòrán nílé yín? Ẹ kọ ìlà mẹ́rin nípa ewúrẹ́ tàbí àgbàdo sórí ìwé. Kí ọmọ ya àwòrán rẹ̀. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, kí a jọ kà á.