Ohun Tí Òkú Inú Ilé Ń Wá

Àbíkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ka ìtàn tí o fi ránṣẹ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn rẹ dán, ọ̀rọ̀ sì ń tẹ̀lé ara wọn. Àmọ́ ẹ̀rù kò bà mí, bẹ́ẹ̀ ìtàn ilé tí òkú ń dààmú ni o kọ. Ojú ewé kìíní ni ilẹ̀kùn ti ń ṣí fúnra rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán láti òkè àjà, tí obìnrin aláṣọ funfun sì ti yọ. Nígbà tí mo fi máa dé ojú ewé kẹta, o ti ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ tán.

Kí ni òkú náà ń wá? Bi ara rẹ ní ìyẹn ná. Lọ́dọ̀ tiwa, kí òkú wà nínú ilé kò tó ohun tí à ń sá fún. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí láyé àtijọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa sùn nínú yàrá kan náà. Títí di òní, ibojì bàbá ńlá wà níwájú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ọmọdé ń jókòó lé e jẹ ẹ̀wà. Ẹni tó kú ikú ọlọ́jọ́, tí wọ́n ṣe òkú rẹ̀ bó ti yẹ, ará ilé ṣì ni. Ẹni tí wọ́n pa tí wọ́n bò mọ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ dù ú, ni kì í jẹ́ kí ará ilé sùn. Nítorí náà, mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá nínú ilé yẹn, mọ ẹni tó dá a, mọ ẹni tó rí i tó dákẹ́. O lè má kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìtàn, ṣùgbọ́n ìwọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Pliny ará Róòmù kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sura, ó ti tó bí 1,900 ọdún. Ilé ńlá kan wà ní Áténì tí ìró irin máa ń dún nínú rẹ̀ lóru, á dún lókèèrè, á tún dún nítòsí. Lẹ́yìn náà ni arúgbó kan á yọ, onírùngbọ̀n gígùn, tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sá kúrò. Amòye kan, Athenodorus, gbọ́ iye tí wọ́n ń pe ilé náà, ó ní ó ti pọ́ọ́kú jù, ó wádìí, ó sì gbà á. Wo bí Pliny ṣe fi owó ilé kó wa láyà sókè kí ohunkóhun tó mira! Lálẹ́, ọkùnrin yìí tẹ́ ibùsùn, ó gbé fìtílà àti gègé ìkọ̀wé, ó ń kọ̀wé. Irin dún, kò gbójú sókè. Ó dún lẹ́nu ọ̀nà, ó dún nínú yàrá. Nígbà tó gbójú sókè báyìí, òkú ń fi ìka pè é. Athenodorus fọwọ́ sọ fún un pé kó ní sùúrù, ó ń bá ìwé rẹ̀ lọ! Òkú wá ń mi ẹ̀wọ̀n lé e lórí. Athenodorus gbé fìtílà, ó tẹ̀ lé e dé àgbàlá, ibẹ̀ ni òkú náà ti pòórá. Ó fi koríko àti ewé ṣàmì sí ojú ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì, egungun ni wọ́n bá, ẹ̀wọ̀n wé mọ́ ọn. Wọ́n sin ín bó ti yẹ, ilé sì tòrò.

Pliny kò sọ ẹni tó de arúgbó náà. Èmi ì bá fẹ́ mọ̀, torí ibẹ̀ ni ìtàn tó tóbi jù wà.

Òǹkàwé á tún bi ọ́ pé: kí ló dé tí wọn kò kó jáde? O gbọ́dọ̀ ní èsì. Bó bá jẹ́ Èkó ni, wọ́n lè ti yá owó san owó ilé ọdún méjì, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti ti ejẹ́ǹtì. Èsì tó wúwo jù tí mo mọ̀ ni ti Toni Morrison nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, *Beloved*, tó jáde ní 1987. Òkú ọmọ jòjòló ló ń da ilé nọ́ńbà 124 rú ní Cincinnati. Sethe, obìnrin tó ń gbé ilé náà, kò kúrò níbẹ̀, torí ọmọ tirẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì pa á kí wọ́n má baà mú un padà sóko ẹrú. Láti ara ọ̀ràn Margaret Garner, tó sá kúrò lóko ẹrú ní Kentucky ní 1856, ni Morrison ti rí ìtàn náà.

Ní ti ìró, lọ díẹ̀díẹ̀. Páànù tó gba oòrùn láti àárọ̀ máa ń ta kọ́, kọ́, kọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń tutù. Jẹ́ kí n gbọ́ ìyẹn lálẹ́ mẹ́ta, kó ti mọ́ mi lára, kí o tó jẹ́ kó dún ní ọ̀sán òjò tí oòrùn kò yọ látàárọ̀.

Yọ ẹ̀jẹ̀ àti aláṣọ funfun kúrò. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, ìyá onílé ló mú mi: obìnrin tó jẹ́ pé láràárọ̀ ló ń gbá yàrá tí ẹnikẹ́ni kò gbé, tó sì ń gbé omi mímu síbẹ̀. Gbólóhùn méjì péré lo fi sọ ọ́, o sì sáré kọjá. Padà síbẹ̀. Ta ló ń gbé omi fún, kí ló sì ṣe fún ẹni náà? Bó o bá ti rí èsì, fi tuntun ránṣẹ́ sí mi kí Kérésìmesì tó dé. Bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ