Àkànní, Èrè Mi Lò Ń Jẹ!

Àkànní, jókòó, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Mo rí ọ ní Jímọ̀ tó kọjá níwájú Mọ́sáláṣí Ńlá nínú bazin tuntun, inú mi dùn, mo ṣàdúrà fún ọ. Àṣé láti ìgbà Iléyá lo ò ti san kọ́bọ̀ nínú owó ẹ̀rọ ìránṣọ tí báńkì àwọn Mùsùlùmí tà fún ọ! O tún wá ń sọ pé, "Tàǹtí, kò sáà sí èlé níbẹ̀."

Ta ló sọ fún ọ pé ibi tí kò bá sí èlé, kò sí ewu? Ká ní báńkì ra ẹ̀rọ ní 600.000 sẹ́fà, ó tà á fún ọ ní 690.000 láwìn ọdún kan. Mùrábáhà nìyẹn, 90.000 sì ni gbogbo èrè rẹ̀. Bí o bá fi ọdún mẹ́ta san án, 690.000 náà ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bu ìtanràn lé ọ, sàráà ni wọn yóò fi ṣe, kò gbọdọ̀ wọ àpò èrè. Bí o bá wá sá lọ láìsan nǹkan kan ńkọ́? Èrè orí ẹni mẹ́fà tó san tiwọn pé kò tó dí ihò tí ìwọ nìkan gbẹ́.

Èrè ta ni? Tèmi ni o! Owó ata tí mo ń tà ní ọjà Ouando wà níbẹ̀ ní mùdárábà. Bí wọ́n bá jèrè, a jọ pín in. Bí wọ́n bá pàdánù láìjẹ́ pé wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́, owó mi ló lọ. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòji.

Má sọ pé báńkì lówó. Lọ́dún 2001 tí ọrọ̀ ajé Tọ́kì dojú rú, àwọn tó fowó pamọ́ sí Ihlas Finans, ilé owó aláìléèlé kan níbẹ̀, ya lọ gbowó wọn. Owó ti há sọ́wọ́ àwọn onígbèsè àti àwọn ilé-iṣẹ́ ẹbí rẹ̀, kò sì lè yá owó eléèlé fi dúró. Oṣù Èrèlé ni ìjọba gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Níhìn-ín, 2018 ni BCEAO, báńkì àpapọ̀ wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ la ìlànà sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ báńkì yìí ní Benin àtàwọn ìlú tí a jọ ń ná sẹ́fà. Ṣé ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́ lẹ fẹ́ bà á jẹ́ ni?

Kùránì ní ká mú sùúrù fún onígbèsè tí nǹkan le fún. Ẹni tó ń ra bazin ò sí lára wọn. Bí ọjà ò bá tà lóòótọ́, lọ ṣàlàyé fún wọn, kí ẹ jọ tún ọjọ́ dá. Má máa sá fún ìpè wọn. Ó yá, jẹun, ọmọ mi. Tílẹ̀ bá mọ́, báńkì ni kí o kọ́kọ́ yà.