Òjé Inú Ọ̀dà Ilé Àtijọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹni Tí Yóò Yẹ Ilé Yín Wò Àti Ẹni Tí Yóò Tún Un Ṣe

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ń gbé ní Prince George's, òjé kì í ṣe àjèjì sí yín. Òun ló wà nínú òkúta dúdú tí wọ́n ń lọ̀ kúnná láti fi ṣe tìróò. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston, àyẹ̀wò fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ó jẹ́ ìran Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Ohun tí ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún tìróò náà lọ ni ó jẹ́ òjé.

Òjé yìí kan náà ni àwọn tí ń ṣe ọ̀dà máa ń pò mọ́ ọ̀dà láyé àtijọ́, kí ó lè tètè gbẹ, kí ó sì pẹ́ lára ògiri. Ní ọdún 1978, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé gbígbé. Nítorí náà, gbogbo ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún náà ni kí ẹ fura sí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Mount Rainier, ní Hyattsville àti ní Riverdale Park. Àwọn ilé tí iléeṣẹ́ Levitt kọ́ sí Bowie ní àwọn ọdún 1960 náà kò yọ sílẹ̀.

Ohun tí òjé ń ṣe nínú ara

Ọ̀dà tí ó ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri dáadáa kì í sábà ṣeni ní jàǹbá. Ewu dé nígbà tí ó bá ń bó, tàbí nígbà tí fèrèsé àti ilẹ̀kùn bá ń họ ọ́ bí a ti ń ṣí wọn tí a sì ń tì wọ́n. Eruku rẹ̀ yóò dà sílẹ̀. Ọmọ tí ń rákòrò yóò fi ọwọ́ kàn án, yóò sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì ń mú kí ẹ̀kọ́ ṣòro fún un. Kò sí oògùn tí ó lè dá ohun tí ó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ padà. Ní ti àgbàlagbà, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Egungun a máa tọ́jú òjé pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì lè tú u padà sínú ẹ̀jẹ̀ bí egungun ti ń fẹ́lẹ́ lọ́jọ́ ogbó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹni tí yóò yẹ ilé wò

Kí ẹnikẹ́ni tó ha ọ̀dà kankan nínú ilé yín, ẹ pe olùyẹ̀wò tí Maryland Department of the Environment fún ní ìwé àṣẹ. Yóò gbé ẹ̀rọ kan lé ògiri, èyí tí ó lè rí òjé nínú ọ̀dà láìha á. Yóò tún fi aṣọ tútù nu eruku ilẹ̀ àti ti ojú fèrèsé, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi í: níbo ni òjé wà, èwo nínú rẹ̀ ni ó sì ti di ewu báyìí? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó yẹ ilé wò jẹ́ ẹni kan náà tí yóò gba iṣẹ́ àtúnṣe, kí èrè má baà yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mú ewu òjé kúrò pátápátá, agbaṣẹ́ṣe tí Maryland Department of the Environment fọwọ́ sí ni kí ẹ lò. Bí ó bá jẹ́ àtúnṣe tàbí kíkùn lásán ní ilé àtijọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ láti oṣù kẹrin ọdún 2010 pé iléeṣẹ́ tí ń gba owó fún iṣẹ́ tí yóò tú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí EPA. Bákan náà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ Maryland Home Improvement Commission lọ́wọ́ ẹni tí ń tún ilé ṣe. Òfin Maryland kò gbà á láàyè láti gba àsansílẹ̀ tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ lọ. Ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn yín láìjẹ́ pé ẹ ránṣẹ́ pè é, tí ó ń ṣe ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé kankan, ẹ dágbére fún un.

Agbaṣẹ́ṣe tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ọ̀rá bo ilẹ̀, yóò fi omi rin ọ̀dà kí ó tó ha á, kò sì ní fi iná yọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ọ̀dà ni a ní láti ha kúrò: a lè pààrọ̀ fèrèsé, a sì lè fi pákó bo ògiri. Kí aboyún àti ọmọdé má ṣe sí nítòsí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: lẹ́yìn iṣẹ́

Kí olùyẹ̀wò mìíràn tún nu eruku wò. Ẹ má ṣe dá àwọn ọmọ padà sínú yàrá náà títí èsì yóò fi dé pé ó ti mọ́. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé

Onílé tí ó ń fi ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1978 háyà gbọ́dọ̀ forúkọ ilé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Maryland, kí ó sì ní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò òjé. Ẹ ní kí ó fi hàn yín. Bí ọ̀dà bá ń bó, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí i. Òfin kò gbà kí ó lé yín jáde nítorí pé ẹ fẹjọ́ sùn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ-ọmọ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé. Ìlànà Maryland ni pé kí wọ́n ṣe é ní ọdún kan àti ní ọdún méjì. Fún ìrànlọ́wọ́, ẹ pe 311, kí ẹ sì béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá.