Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́: Dímà Inú Gbọ̀ngàn Wa àti Bí A Ṣe Ń Tò Ó

Ó ti ń di àṣà báyìí pé bí ẹgbẹ́ kan bá parí gbọ̀ngàn ìpàdé rẹ̀, yóò fẹ́ kí iná inú rẹ̀ bá ìgbà mu. Ohun tí a sì ń bá pàdé lára ògiri ni súìsì kan tí kì í kàn-án tan iná kó sì pa á nìkan. Ó lè dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó lè fi kún un, ó sì ń gbọ́ràn sí fóònù lẹ́nu. Dímà ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Owó àjọ ni ẹ fi ń rà á, nítorí náà ni àwa tí a máa ń bẹ ìwé yín wò ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí a lọ bẹ̀ wò, tí a kò ní dárúkọ. Gílóòbù LED 12 ló wà nínú gbọ̀ngàn wọn, wáàtì 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akápò mú ìwé ìnáwó wá, ó ní owó tí àwọn fi ń ra yúnìtì sínú mítà ti pọ̀ sí i láti ìgbà tí àwọn ti fi dímà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sọ fún wọn pé yóò dín owó kù ni. Wọ́n ti ń fura sí ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lóru pé ó ń bá àwọn ará àdúgbò ṣáàjì fóònù gbowó. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí pé kí wọ́n dá bàbá náà dúró lẹ́nu iṣẹ́.

A ní kí wọ́n pa iná gbọ̀ngàn, kí ẹnì kan sì lọ já súìsì àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà wálẹ̀, bí ẹni pé wọ́n mú iná lọ. Nígbà tó gbé e sókè padà, gbogbo gílóòbù méjèèjìlá tàn yòò, láìsí ẹni tó fọwọ́ kan dímà. Bí wọ́n ṣe tò ó láti ibi tí wọ́n ti ṣe é nìyẹn, kò sì sí ẹni tó yí i padà. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní aago 9 alẹ́, tí iná sì dé ní aago 11 nígbà tí gbogbo yín ti sùn, gbọ̀ngàn á tan iná fún ara rẹ̀ di àárọ̀. Ọdẹ ń rí i láti ẹnu géètì, ó rò pé ìgbìmọ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Wáàtì 9 lọ́nà 12 jẹ́ 108. Láti aago 11 alẹ́ di aago 6 àárọ̀ jẹ́ wákàtí 7. 108 lọ́nà 7 jẹ́ 756. Yúnìtì kan nínú mítà jẹ́ 1,000, nítorí náà òru kan ti jẹ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yúnìtì kan lọ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 30 òru, ó ti lé ní yúnìtì 22, láìsí ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn. Ìgbìmọ̀ bẹ ọdẹ náà, ó sì gbà.

Nítorí náà, nínú gbogbo ètò tí dímà ní, èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wá rí ni èyí tó sọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí iná bá dé. Nígbà púpọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà nínú áàpù, bóyá nítorí pé ibi tí iná kì í ti í sábà lọ ni àwọn tó ṣe é ń gbé. Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń ní: kó wà ní pípa, kó tàn, tàbí kó padà sí bó ti wà kí iná tó lọ. Fún gbọ̀ngàn, ẹ yan pípa. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà kẹta tàn yín jẹ. Bí iná bá lọ nígbà tí ìpàdé ń lọ lọ́wọ́, tí gbogbo yín sì fi òkùnkùn túká, dímà yóò rántí pé títàn ni òun wà. Àmọ́ iná ìta àti ti ẹnu géètì, ẹ jẹ́ kó tàn. Bí dímà tí ẹ fẹ́ rà kò bá ní ètò yìí rárá, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Báwo ló ṣe ń dín iná kù gan-an? Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ síwá sẹ́yìn bí ìgbì omi, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láyé àtijọ́, nílé eré, ohun tí ń gba agbára iná mọ́ra ni wọ́n fi ń dín in kù, ooru lásán ni ó sì ń sọ ọ́ dà. Joel Spira ará Amẹ́ríkà, ẹni tó dá Lutron sílẹ̀ ní 1961, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun kékeré tó lè wọ inú ògiri ilé. Èyí kì í jẹ agbára náà dànù. Gígé ló ń gé nínú ìgbì kọ̀ọ̀kan, kíákíá tí ojú kò fi lè rí i. Àwọn kan ń gé orí ìgbì, àwọn kan ń gé ìrù rẹ̀. Bí ti yín bá fún yín láǹfààní láti yàn, ìrù ló sábà máa ń bá gílóòbù LED lára mu. Bí ẹ bá gbọ́ tí gílóòbù ń kùn bí oyin, ẹ gbìyànjú èkejì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ara rẹ̀. 230V àti 50Hz ni tiwa. Àwọn ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà lè fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ pẹ̀lú ìfẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ sí i, ẹ dúpẹ́, ẹ má sì fi sára ògiri. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ dimmable sára páálí gílóòbù. Ẹ bi oníṣẹ́ iná yín bóyá wáyà niútírà dé inú àpótí súìsì, nítorí ọ̀pọ̀ dímà olófóònù kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, nínú ọ̀pọ̀ ilé wa kò sì sí níbẹ̀. Iye wáàtì tó lè gbé fún LED kéré sí ti gílóòbù àtijọ́. Ẹ má sì so fáànù mọ́ dímà iná láé.

Ètò tó kàn ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò kéré mọ. Alẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Ẹ fà á wálẹ̀ títí gílóòbù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, kí ẹ wá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án níbẹ̀. Bí gílóòbù kan bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ gbé e sókè sí i. Ní ti ibi tó pọ̀ mọ, ojú ló ń tàn wá jẹ: ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀, ojú a máa rí i bí ìdajì. Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ lé tábìlì, kí ìyá tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ yín kà á. Ibi tó bá ti kà á láìfún ojú pọ̀ ni kí ẹ fi í sí. Ní ti bó ṣe ń yára tàn, ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì tó. Bí ẹ bá fún un ní aago tí yóò máa tàn, ẹ rí i pé aago Èkó ló ń tẹ̀ lé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín. Ní ẹgbẹ́ mìíràn, fóònù akọ̀wé ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì dímà. Iṣẹ́ gbé akọ̀wé lọ sí ìlú mìíràn. Lọ́jọ́ ìpàdé ọdọọdún, bí a ti ń ka ìṣirò owó lọ́wọ́, gbọ̀ngàn ṣókùnkùn ṣíú. Ọmọ akọ̀wé àná ló ń fi fóònù bàbá rẹ̀ ṣeré níbi tó wà. Ẹ̀rín ni a fi parí rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko ni wọ́n fi gba àkáǹtì náà padà. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi ṣí i. Kí ọ̀rọ̀ ìwọlé wà nínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa, lọ́wọ́ ààrẹ àti akápò. Kí ẹ kọ gbogbo ètò tí ẹ yàn sínú ìwé ìpàdé. Bí ìgbìmọ̀ bá sì yí padà, kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ ìwọlé náà padà lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá ń yí ìbuwọ́lùwé padà ní báńkì.